Dachshund, ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ilẹ̀ Jámánì: Irun mẹ́ta ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu

Bí ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá bá kọ́kọ́ rí ajá tí wọ́n ń pè ní Dachshund, ó ṣeé ṣe kó bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ajá náà kúrú bíi pé wọ́n gé e, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ara rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bíi bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ tó rẹ́rìn-ín tán, kó bi ara rẹ̀ pé: bí òkété bá sá wọ ihò, ajá wo ló lè tẹ̀ lé e wọlé?

Iṣẹ́ inú ihò yìí gan-an ló mú kí àwọn ọdẹ Jámánì máa sin ajá náà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lédè wọn, "Dachs" ni orúkọ ẹranko kan tó ń gbẹ́ ihò bíi òkété, àmọ́ tó tóbi ju òkété lọ fíìfíì, tí eyín àti èékánná rẹ̀ sì mú. "Hund" ni ajá. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn sábà máa ń pè é ní Dackel tàbí Teckel, ọdún 1888 sì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń sìn ín sílẹ̀.

Kò sí ẹ̀yà ara rẹ̀ tí kò níṣẹ́. Ẹsẹ̀ kúkúrú ló fi ń wọ ihò, ọwọ́ iwájú tó fẹ̀ ló fi ń wa yẹ̀pẹ̀. Àyà rẹ̀ jinlẹ̀ kó lè rí èémí mí lábẹ́ ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì ki ju ara rẹ̀ lọ, kí ọdẹ tó dúró lókè lè mọ ibi tó ti ń gbó, kó sì mọ ibi tí yóò wa ọkọ́ sí.

Oríṣi irun mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni onírun kúkúrú, tí irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara típẹ́típẹ́, tó sì ń dán. Ìkejì ni onírun gígùn: irun rẹ̀ rọ̀, ó sì máa ń wálẹ̀ láti etí, abẹ́ ikùn àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ìrù rẹ̀ sì dà bí àsíá. Ìkẹta ni onírun líle. Irun tirẹ̀ le, ó sì ki, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn tó rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀gún má baà tètè gún un nínú igbó. Ó ní irùngbọ̀n bíi ti bàbá àgbà, irun òkè ojú rẹ̀ náà sì ki.

Ní ti àwọ̀, pupa wà, dúdú tó ní àmì pupa rúsúrúsú lókè ojú, lẹ́nu, láyà àti lẹ́sẹ̀ náà wà. Àwọ̀ eérú tó dà pọ̀ mọ́ dúdú sì wọ́pọ̀ lára onírun líle.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé pé jíìnì mẹ́ta péré ló ń pinnu irú irun tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìran ajá ń ní. Irun gígùn lè fara pamọ́ sára òbí, ìdí nìyẹn tí ajá onírun kúkúrú méjì fi lè bí ọmọ onírun gígùn.

Ìwọ̀n náà yàtọ̀. Àwọn ará Jámánì máa ń fi téèpù wọn àyà ajá náà, oríṣi mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí. Orúkọ ehoro ni wọ́n fún èyí tó kéré jù, nítorí pé ó lè wọ ihò ehoro.

Òkìkí ajá yìí kàn débi pé òun ni wọ́n fi ṣe àmì ìdíje Òlíḿpíìkì ìlú Munich lọ́dún 1972. Waldi ni wọ́n sọ ọ́.

Àmọ́ ara tó gùn yìí ní ìyà tirẹ̀. Arará ni ajá náà, ọdún 2017 sì ni àwọn olùwádìí ní California fi hàn pé jíìnì kan tó ń fa ẹsẹ̀ kúkúrú tún máa ń sọ ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn di gbígbó ṣáájú àkókò. Bó bá bẹ́, á tẹ iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sì lè rọ. Nǹkan bíi ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló ń ní ìṣòro yìí nígbà ayé rẹ̀.

Ewu mìíràn wà lára àwọ̀ alámì tótòtó. Bí wọ́n bá jẹ́ kí akọ àti abo tó ní àwọ̀ yìí gun ara wọn, àwọn kan nínú ọmọ wọn lè fọ́jú tàbí kí wọ́n dití.

Lọ́dún 2024, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jámánì lórí àbá òfin tó fẹ́ ká àwọn tó ń sin ẹran tí ìrísí rẹ̀ ń fa ìrora fún un lọ́wọ́ kò. Àwọn olólùfẹ́ ajá figbe ta pé òpin Dachshund ti dé. Ìjọba ní kò sí ìran ajá kankan tí àwọn fẹ́ fòfin dè.

Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ẹranko fún ẹni tó bá ń sìn ín ni pé kó má jẹ́ kó sanra jù, kó má sì jẹ́ kó máa fò lórí àga. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó fi ọwọ́ kan gbé àyà, kó fi ìkejì gbé ìdí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń wọ́ nílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọdẹ ló kọ́kọ́ fẹ́ kí ajá náà kúrú, kó lè wọ ihò. Àwọn tó ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ló fẹ́ kó túbọ̀ gùn, kó sì túbọ̀ kúrú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.