Kí Ẹ Tó Ra Jíìpù Àlòkù, Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Wo Abẹ́ Rẹ̀

Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà oko tó wà lẹ́yìn Òjóò àti Mọníyà a di ẹrẹ̀. Mọ́tò lásán a rì, jíìpù a kọjá. Ìdí nìyí tí àwa ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, àgbẹ̀ àti alájàpá, fi dá owó jọ ra jíìpù àlòkù, kó lè máa bá wa kó ẹ̀gẹ́ àti ata wá sí ọjà.

Ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, a sì sanwó. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ nínú wa. Lọ́jọ́ kìíní tí a gbé e wọ ẹrẹ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Ata bà jẹ́ sínú ọkọ̀. Owó tí a fi ọdún méjì kó jọ ló lọ bẹ́ẹ̀. Kí irú rẹ̀ má baà ṣe yín, ẹ gbọ́ ohun tí a ti kọ́.

Kí ló ń jẹ́ jíìpù?

Nínú mọ́tò lásán, táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú jíìpù gidi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lo Jeep nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1948, Land Rover jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ́ńjìnnì a gbé agbára fún gíà. Gíà kejì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń pín agbára náà sí méjì. Ọ̀pá irin kan a gbé tirẹ̀ lọ síwájú, ọ̀pá kejì a gbé tirẹ̀ lọ sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá bà jẹ́, jíìpù di mọ́tò lásán, ṣùgbọ́n epo tó ń mu kò ní dín kù.

Ẹ ṣọ́ra o! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tí à ń pè ní jíìpù ló jẹ́ pé táyà méjì péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Èkíní: Ẹ ka ìwé rẹ̀

Mọ́tò tí wọ́n ṣe láti 1981 wá sábà máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà àti fígọ̀ 17 lápapọ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára férémù ilẹ̀kùn àti lára ṣásí. Ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yàtọ̀, tàbí tí ẹ rí i pé wọ́n ti fi fáìlì ha á, ẹ máa lọ ilé yín.

Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Bí wọ́n bá gba mọ́tò tí kò níwèé lọ́wọ́ yín, ẹ ti pàdánù mọ́tò, ẹ ti pàdánù owó.

Èkejì: Ẹ́ńjìnnì tútù

Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti gbóná, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì gbígbóná a máa bo àlébù mọ́lẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì. Bí ó bá rí bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sítáàtì rẹ̀. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù ń sọ pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun tó nípọn tí kò dá ń sọ pé ó ń jó omi.

Ẹ̀kẹta: Abẹ́ rẹ̀

Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ wo abẹ́. Ṣé ọ̀pá iwájú àti ti ẹ̀yìn pé? Ṣé ọ́ìlì ń jò níbi gíà? Ní ilẹ̀ òtútù, wọ́n a máa da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yìí ní í jẹ irin abẹ́ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan ṣásí. Bí ìpẹtà bá ń já bọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Táyà

Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí jíjẹ wọn má sì yàtọ̀ púpọ̀, torí àìdọ́gba wọn a máa ba gíà jẹ́. Ẹ wá fígọ̀ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ wà á

Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dópin bó ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀. Bí iwájú bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, oríkèé ọ̀pá táyà ti jẹ. Ẹ wá gbé e lọ sórí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀, kí ẹ fi gíà sí táyà mẹ́rin. Kí ẹnìkan dúró lókèèrè wo bóyá táyà iwájú ń tú iyẹ̀pẹ̀ bíi ti ẹ̀yìn. Ẹ má dán an wò lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ, gíà lè há.

Ẹ̀kẹfà: Owó

Mẹ́káníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí nọ́ńbà ọkọ̀, iye owó àti déètì wà nínú rìsíìtì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. A ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ ohun tí kò mọ̀.

Jíìpù wa kejì, ọjọ́ mẹ́ta la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń tà á bínú, a ní kó má bínú. Títí di òní, ó ń gbé wa la ẹrẹ̀ kọjá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè
1. Lẹ́tà mẹ́ta wo ni kì í sí nínú nọ́ńbà mọ́tò?
2. Kí ni èéfín tó ní àwọ̀ búlúù ń sọ fún wa?
3. Ẹ ka fígọ̀ mẹ́rin tó wà lára táyà kan ní àdúgbò yín. Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?