Ẹrù tí bâchée yín lè gbé wà nínú carte grise

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi bâchée kó ẹrù, ẹ wo PTAC nínú carte grise: ìwúwo tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn, tòun tèrò tòun tẹrù. Ẹ yọ poids à vide, ìwúwo ọkọ̀ tó ṣófo, kúrò nínú ẹ̀.

Ká ní PTAC jẹ́ kílò 2900, tí ọkọ̀ òfìfo jẹ́ 1900: 1000 ló kù. Bí awakọ̀ àti èrò méjì bá wọn 200, ó ku 800: àpò sìmẹ́ǹtì 16 oní-kílò 50, kì í ṣe 20.

Àwọn kan á ní kí mẹkaníìkì fi lame kún lame. Lóòótọ́, ìdí ọkọ̀ ò ní tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n frein, táyà àti châssis ò yí padà. Tẹ́ ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, frein yẹn náà ló máa dá gbogbo ẹrù ọ̀hún dúró.