Ohun Wínníwínní Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Ńlá

Ẹ̀yin ọmọ, bí òjò bá dá, ẹ lọ wo ewé kókò tó wà lẹ́yìn ilé yín. (Ewé kókò ni mo wí, kì í ṣe ewé kòkó. Ẹ kíyè sí àmì ohùn.) Omi kì í rin ewé náà. Ńṣe ni omi máa ń ṣù róbótó lórí rẹ̀, tí yóò yí títí yóò fi bọ́ sílẹ̀, tí yóò sì gbá eruku orí ewé lọ. Kí ló fà á? Àwọn nǹkan wínníwínní tó dà bí ìda ló bo ojú ewé náà. Ojú wa kò lè rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí omi rí ààyè lẹ̀ mọ́ ewé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ́ ọgbọ́n lára irú ewé bẹ́ẹ̀. Lónìí, a ti rí aṣọ tó jẹ́ pé bí ọbẹ̀ bá dà sí i, ọbẹ̀ náà yóò yọ̀ dànù ni.

Ìmọ̀ nípa lílo irú nǹkan wínníwínní báyìí ni à ń pè ní ìmọ̀ ẹ̀rọ nánò. Inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá; aràrá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ mú rúlà yín. Àlàfo tó kéré jù lọ lórí rẹ̀ ni mìlímítà 1. Bí a bá pín àlàfo yìí sí ọ̀nà 1,000,000, ìpín kan péré ni nánómítà 1. Èékánná yín ń gùn ní nǹkan bíi nánómítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Kí ni ìwúlò pé nǹkan kéré tó báyìí? Ẹ rántí pé ìtì igi kì í tètè gbaná. Ṣùgbọ́n bí a bá là á sí wẹ́wẹ́, kíá ni yóò jó, nítorí pé ojú tí iná lè gbà mú un ti pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni fàdákà. Bí a bá sọ ọ́ di wínníwínní, yóò lè pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi í sára ìbọ̀sẹ̀ kan kí ó má baà máa rùn, tí wọ́n sì ń fi í sára báńdéèjì tí a fi ń di egbò.

Ní Kabba àti káàkiri ilẹ̀ Okun, àwọn àgbẹ̀ a máa gbin kòkó àti obì, wọn a sì máa da èèpo rẹ̀ nù. Ní Yunifásítì Ladoke Akintola tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onímọ̀ wa mú èèpo yìí kan náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi omi gbígbóná fa ojé rẹ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ omi tí èròjà fàdákà ti yòrò sí. Àwọ̀ omi náà yí padà: fàdákà ti di wínníwínní nìyẹn. Wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà tí a fi ń kun ògiri. Ní 2016, wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n fi dán an wò kò lè hù nínú ọ̀dà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ohun dúdú tó máa ń hù lára ògiri nígbà òjò yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ yìí fi dùn mọ́ mi nínú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Arizona State ní Amẹ́ríkà ra oríṣi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì ń fọ̀ wọ́n. Àwọn kan di fàdákà wọn mú ṣinṣin. Àwọn mìíràn tú èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn sínú omi kí a tó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí a bá da irú omi bẹ́ẹ̀ sí odò, fàdákà náà kò ní mọ kòkòrò burúkú yàtọ̀ sí kòkòrò rere, irú èyí tó ń sọ ewé jíjẹrà di ilẹ̀dú, tó sì ń mú kí ògì kan. Ó sì lè pa ẹja lára. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń wá ọ̀nà tí fàdákà yóò fi dúró sára aṣọ, kí ó má baà bá omi lọ.