Ọ̀nà tí Ooru Ń Gbà La Ògiri Kọjá

Kò sí ìyálé ilé tí kò mọ̀ pé àkísà gbígbẹ ni a fi ń sọ ìkòkò gbígbóná kalẹ̀. Bí ó bá fi èyí tí omi ti rin mú un, kíá ni ọwọ́ rẹ̀ yóò jó. Aṣọ kan náà ni, ìkòkò kan náà ni. Omi ni ó gba ipò afẹ́fẹ́ nínú àwọn ihò wínníwínní tí ó wà láàárín òwú. Omi a sì máa gbé ooru kọjá ní ìlọ́po 23 ju afẹ́fẹ́ lọ. Ògiri ilé wa, ìbáà ṣe ti amọ̀ tàbí ti bíríkì, òun náà kún fún ihò bí àkísà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn ro ògiri kan tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀ líle, tí ìdajì kejì jẹ́ afẹ́fẹ́. Nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn bí nǹkan ti ń gbé ooru kọjá, kí á fún erùpẹ̀ náà ní 1. Afẹ́fẹ́ kò ju 0.026 lọ. Ẹni tí ó bá kánjú yóò pa méjèèjì pọ̀, yóò fi méjì pín in, yóò sì rí nǹkan bí 0.51. Ó tọ̀nà, bí erùpẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ooru fi rí ọ̀nà tààrà láti ìta wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dábùú níwájú ara wọn bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní, 0.05 péré ni yóò kù. Erùpẹ̀ kò pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kò dín. Ìtò wọn nìkan ni ó sọ ọ̀kan di ìlọ́po mẹ́wàá èkejì. Ní 1912, Otto Wiener, ọmọ Jámánì, fi hàn pé ààlà tí àdàlù ohun méjì kò lè rékọjá nìyí.

Ààlà náà fẹ̀ jù fún oníṣẹ́. James Clerk Maxwell, ọmọ Scotland, ti ṣe ìṣirò ní 1873 nípa bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ohun tí hóró róbótó mìíràn fọ́n ká sínú rẹ̀. Ìṣirò náà sì bá ooru mu rẹ́gí. Ní 1962, Zvi Hashin àti Shmuel Shtrikman sún ààlà méjèèjì mọ́ ara wọn fún àdàlù tí gbogbo ìhà rẹ̀ rí bákan náà. Fún ògiri wa yìí, 0.42 ni òkè, 0.09 ni ìsàlẹ̀. Ti òkè ni erùpẹ̀ tí ó so kọ́ra, tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì. Ti ìsàlẹ̀ ni hóró erùpẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yí ká. Kí ẹni tí ń ṣírò kọ́kọ́ bèèrè, nígbà náà, èwo nínú méjèèjì ni ó so kọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. (Ẹ má bi mí léèrè páànù: irin tinrin tí kò ní ihò ni, ìṣirò kankan kò lè gbà á sílẹ̀.)

Omi ni ó wá ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ìwọ̀nba tí ó bá kọ́kọ́ wọlé a máa sá lọ síbi tí hóró méjì ti fẹnu kan ara wọn, a sì di afárá fún ooru. Yanrìn gbígbẹ kò sábà ju nǹkan bí 0.3 lọ, bí omi bá kún inú rẹ̀, ó lè ju 2 lọ. Nítorí náà, iye tí ìwé òkèèrè kọ fún bíríkì gbígbẹ kò lè ṣojú ògiri wa ní oṣù keje, lẹ́yìn tí òjò ti lù ú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí ó fi iye bẹ́ẹ̀ yàwòrán ilé ẹ̀kọ́ fún wa kò tíì wọn ohunkóhun nínú ilẹ̀ wa. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ilé àti ọ̀nà, tí a dá sílẹ̀ ní 1978, ti ṣiṣẹ́ lórí bíríkì ilẹ̀ pupa; ó yẹ kí iye ooru tí irú rẹ̀ ń gbé kọjá, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, wà lọ́wọ́ gbogbo ayàwòrán-ilé.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ láìná owó púpọ̀. Ẹ wá agolo mílíìkì méjì tí ó dọ́gba. Ẹ rọ yanrìn gbígbẹ kún ọ̀kan; ẹ rọ irú yanrìn kan náà sínú èkejì, kí ẹ sì bu omi sí i títí yóò fi rin dé òkè. Ẹ ki tẹmómítà bọ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu wọn, kí ẹ gbé méjèèjì sínú abọ́ omi gbígbóná kan náà, kí àwọn ọmọ máa kọ iye tí wọ́n bá kà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ti inú yanrìn tí omi rin ni yóò kọ́kọ́ gòkè.