Ọ̀nà Yangí Láàárín Òkè Èkìtì: Ibi Tí Kẹ̀kẹ́ Lè Gbà

Àwọn tí mo kọ́ ní jọ́gíráfì, tí wọ́n ti di ará Ìlú Ọba tàbí Kánádà, máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà tí wọ́n bá ń múra àtiwálé: "Prof, ṣé ibì kan wà ní Èkìtì tí èèyàn ti lè gun gravel bike?" Ó wà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà gùn ju gbólóhùn kan lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ kẹ̀kẹ́ náà: ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, bíi ti àwọn eléré-ìje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń tó mìlímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gíà rẹ̀ sì rọrùn fún òkè. Ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún. Láti 2006 ni wọ́n ti ń sá eré-ìje ọ̀nà olókùúta ní Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas, nígbà tó sì di 2022, UCI, àjọ àgbáyé fún eré kẹ̀kẹ́, ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ítálì. Ẹ má sì sọ fún mi pé eré òyìnbó ni o. Kigali ní Rwanda ni ìdíje àgbáyé ti orí títì ti wáyé ní Sẹ́tẹ́ḿbà 2025. Nílé wa níbí pẹ̀lú, kí ọ̀kadà tó dé, orí Raleigh ni tíṣà, katikíìsì àti àwọn tó ń ra kòkó fi ń lọ láti abúlé dé abúlé, lórí ọ̀nà tó burú ju èyí tí ẹ fẹ́ lọ gùn lọ.

Òkè tiwa kì í ṣe òkè Alps. Ọ̀nà Assietta ní Piemonte, lápá àríwá Ítálì, wà níbi tó ga ju mítà 2,000 lọ. Iṣẹ́ ológun ni wọ́n là á fún, wọ́n sì yí i po lára òkè kí ẹrù ogun lè gùn ún. Yìnyín a máa tì í pa nígbà òtútù. Adó-Èkìtì ní tirẹ̀ wà ní nǹkan bíi mítà 450 sókè ju òkun lọ. Òkè Ẹ̀fọ̀n ju 500 lọ. Gíga ò lè gba èémí lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tó máa ń dá èèyàn lágara ni oòrùn, àti bí òkè náà ṣe rí: ẹ ó gùn, ẹ ó sọ̀, ẹ ó tún gùn, kò níí sí ibi tó tẹ́jú láti mí. Ẹsẹ̀ àti ẹrù orí ni wọ́n fi la ọ̀nà oko wa. Ẹni tó ru kòkó lórí ò fẹ́ yípo, ó fẹ́ délé ni, nítorí náà ọ̀nà rẹ̀ gba ọ̀kánkán lọ sókè. Lẹ́yìn náà ni DFRRI, tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ ní 1986, wá fi katapílà fẹ̀ lára irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ ni, wọn ò yí i po. Bó ṣe ga lójijì láyé àwọn baba wa náà ló ga lónìí.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ibi tí èèyàn lè gbà. Títì ọ̀dà ló so àwọn ìlú ńlá pọ̀; àárín wọn ni ọ̀nà oko wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó kọjú sí àríwá àti ìlà-oòrùn Adó, lápá Ìwòròkó, Àfàò àti Ìgbẹ̀mọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọra ga ni, oko ìrẹsì Ìgbẹ̀mọ sì wà nítòsí fún ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan bọ̀ wálé. Lápá gúúsù, Ìkẹ́rẹ́ ni ẹ ó ti rí àpáta tó dá dúró gedegbe, Olósùnta ni olórí wọn. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ le débi pé ilẹ̀ yí i ká jẹ lọ, òun dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà máa ń gbà, kì í gba orí rẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn ni mo fẹ́ràn jù. Láti Adó, ẹ ó gba Ìyìn lọ sí Ìgèdè. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítorí igbó rẹ̀ tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2005, wọn ò mọ̀ pé Ìgèdè-Èkìtì ni odò náà ti ṣàn wá. Láti ibẹ̀, ó di Àràmọ̀kọ, ẹ ó wá yàn bóyá Ìkógòsì ni tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òkúta Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe irú ti Ìkẹ́rẹ́. Iyanrìn àtijọ́ ni, tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ sọ di òkúta líle, ó sì ní ìlà fífọ́ káàkiri inú rẹ̀. Omi òjò máa ń gba ìlà wọ̀nyí wọlẹ̀ jinlẹ̀, á gbóná níbẹ̀, á tún jáde. Ohun tó fún wa ní omi gbígbóná Ìkógòsì nìyẹn, tó lọ pàdé omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá tún lágbára, kó kọjá Ẹ̀fọ̀n lọ sí Òkèmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi. Apá ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Kírìjì láti 1877. Ìmẹ̀sí-Ilé ni ibùdó Èkìtìparapọ̀, Ìbàdàn sì dó sí Ìgbájọ. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ara yín gun òkè yẹn, ẹ ó mọ ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ti òkè òkun bọ̀ ti máa ń ṣubú. Ilẹ̀ pupa wa ò jọ òkúta wẹ́wẹ́ tiwọn. Òjò àti ooru ti fọ ohun tó rọ̀ jáde nínú rẹ̀ fún àìmọye ọdún, irin ló ṣẹ́kù, irin náà ló ń dì di yangí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kóró yangí a máa yí lábẹ́ táyà bí ọmọ ayò. Tí òjò bá sì rọ̀, amọ̀ tó wà lórí á yọ̀ bí ọṣẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù, ẹ má tẹ bíréèkì iwájú lójijì, tí ẹ bá sì rí i pé ojú ọ̀run ṣú, ẹ yí padà. Ẹ mú túùbù méjì dání. Àwọn tó ń lẹ táyà pọ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n ti ọ̀kadà àti mọ́tò ni wọ́n mọ̀ jù.

Ẹ ó tún rí ibi tí ọ̀nà ti wú wúruwùru bíi páànù òrùlé. Àwọn kan ní àléébù katapílà ni. Rárá. Táyà èyíkéyìí tó bá sáré kọjá ìwọ̀n kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ yóò máa fò díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá balẹ̀ sí yóò máa jìn sí i, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún fò níbẹ̀. Etí ọ̀nà ni kí ẹ gbà, ọ̀kadà kì í sábà sáré níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí kò dùn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kínní, 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì yìí kan náà, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹmùré. Lẹ́yìn irú èyí, n kò lè jókòó sílé kí n máa ya ọ̀nà oko fún ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé Switzerland la wà. Nítorí náà ni mi ò fi dárúkọ ọ̀nà oko kan pàtó níbí. Èyí tó dára lóṣù tó kọjá lè má dára lóṣù yìí, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ kí baálẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ má dá nìkan lọ, kí ẹ sì ti padà sójú títì kí oòrùn tó mú. Tí àgbẹ̀ bá ní ẹ má gba ibẹ̀ lónìí, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì tẹ̀ lé fóònù yín kọjá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ má lọ. Ọ̀nà oko tí ẹnikẹ́ni ò bá tọ̀ mọ́, ọdún méjì ni igbó fi ń gbà á, àgbẹ̀ tó kù níparí rẹ̀ á sì wá dá nìkan wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gùn ún láìpẹ́ yìí, pàápàá láàárín Àràmọ̀kọ àti Ìkógòsì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ àti bí ilẹ̀ ṣe rí ránṣẹ́ sí mi. Máàpù tí mo ní nílé ti gbó, ọ̀pọ̀ abúlé tó wà lórí rẹ̀ ló ti tú.