Ikọ́ òjijì àti àkóràn àyà ní ibùdó ìlera alábọ́dé

Ikọ́ òjijì ni ikọ́ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀. Àkóràn àyà ni àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí ń dá sílẹ̀ nínú ọ̀nà èémí tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́pọ̀ ìgbà, ikọ́ òjijì kì í ju ti ọ̀fìnkìn lọ, ara a sì borí rẹ̀ láìlo oògùn kankan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òtútù àyà ni, èyí tí ó lè pa ọmọdé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ìtàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìtọ́jú ìgbàlódé ti pẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọdún 1895 ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Kátólíìkì dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé tí ó di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà ní ọdún 1985, tí ó sì fi ètò ìlera alábọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ìtòrí, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, àti ní àwọn abúlé agbègbè rẹ̀, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ lè kọ́kọ́ gbé ọmọ tí ó ń wúkọ́ lọ.

Àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ pé òtútù àyà pa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí ó lé ní 800,000 ní àgbáyé ní ọdún 2018. Nǹkan bí 162,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, iye tí ó pọ̀ ju ti orílẹ̀-èdè mìíràn lọ.

Àyẹ̀wò ọmọdé

Ara gbígbóná nìkan kò tó láti fi dá òtútù àyà mọ̀, nítorí pé ibà náà ń mú kí ara gbóná. Èyí ni ó fà á tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń lo oògùn ibà nígbà tí àìsàn ń jà nínú àyà ọmọ. Ohun tí ó ń tú àṣírí àìsàn náà ni èémí. Bí omi àti ọyún bá kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ọ́síjìn tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ a dínkù, ọmọ a sì máa mí kíákíá láti fi dí àlàfo náà.

Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ka èémí ọmọ fún odindi ìṣẹ́jú kan. A ó ká aṣọ sókè kúrò ní àyà rẹ̀. Ọmọ náà kò gbọdọ̀ máa sunkún tàbí kí ó máa mu ọmú lọ́wọ́. Èémí ti yá jù bí ó bá tó:
- 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì;
- 50 fún ọmọ oṣù méjì títí di oṣù mọ́kànlá;
- 40 fún ọmọ ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún.

Wọ́n tún ń wò ó bóyá ìsàlẹ̀ àyà ọmọ ń wọnú bí ó ti ń mí sínú. Àmì ewu ni bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ṣeé jí.

Àyẹ̀wò àgbàlagbà

Ikọ́ òjijì àgbàlagbà lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó lọ tán, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó pọ́n bí ìyeyè kò sì fi hàn fúnra rẹ̀ pé ó nílò oògùn apakòkòrò. Ẹni tí òtútù àyà mú, tí ọkàn rẹ̀ sì dàrú, tí èémí rẹ̀ tó 30 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìfúnpá rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, tàbí tí ó ti pé ọdún 65, wà nínú ewu tí ó pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ikọ́ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ìtọ́jú

Ọmọ oṣù méjì sí ọdún márùn-ún tí òtútù àyà mú láìsí àmì ewu lè lo amoxicillin nílé, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Òṣìṣẹ́ ìlera ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí yóò lò ó. Wọn a tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí àmì ewu bá wà, wọn a fún un ní ìwọ̀n oògùn àkọ́kọ́, wọn a sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ọ́síjìn. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì.

Oògùn apakòkòrò kò ran ọ̀fìnkìn. Lílò rẹ̀ láìnídìí ń mú kí kòkòrò má gbọ́ oògùn mọ́ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́. Oògùn ikọ́ olómi náà ní ewu tirẹ̀: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe àti kíkó èyí tí ó ní codeine wọlé, ní Gambia ní ọdún 2022, oògùn ikọ́ tí ó ní májèlé nínú la ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọdé lọ. Ohun mímu lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń tu ọ̀fun lára; oyin náà dára, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá a.

Ìdènà

Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí ń fa òtútù àyà jù lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ a máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí. Fífi ọmú nìkan bọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́fà, fífọ ọwọ́, àti mímú ọmọ jìnnà sí èéfín ìdáná àti sìgá náà ń dáàbò bo àyà rẹ̀.