Ohun Tí Ó Yẹ Láti Gbin Ọmọ Ọparun Sí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ó ti pẹ́ tí a ti ń gé ọparun létí odò láìgbìn ín. Láti ara rẹ̀ ni a ti ń rí ọ̀pá tí iṣu ń gùn, ọ̀pá tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń gbé pákó dúró, àkàbà, àti ọgbà tí a fi ń ká adìẹ mọ́. Ẹni tí kò bá ní odò lórí ilẹ̀ rẹ̀, owó ni ó ń fi rà á. Nítorí èyí ni àwọn kan nínú yín, àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú, ṣe ń tọ́ ọmọ ọparun láti gbìn sí oko ara wọn.

Ọparun tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í sábà yọ òdòdó, kì í sì í so èso tí a lè kó gbìn. Ègé rẹ̀ ni a ń gbìn. Láti rí ègé tí ó dára kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: a ó wá ọparun tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tí ì gbó jù, a ó gé e pẹ̀lú oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, a ó sì ṣọ́ra kí ojú tí ó wà lára oríkèé náà má baà bó. Ó máa ń dùn mí láti rí ẹni tí ó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí kí ó pàdánù òjò ọdún kan gbáko, nítorí pé ó gbin ègé náà sí inú ohun tí kò yẹ.

Kí ẹ tó bu erùpẹ̀ sí ohunkóhun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: báwo ni a ó ṣe mú un jáde? Èmi kò bi ara mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àmù àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé mi tí ó ti sán. Mo lu ihò sí ìdí rẹ̀, mo gbin ọparun sí i, inú mi sì dùn pé n kò náwó. Ọparun náà hù, ó sì rẹwà. Nígbà tí ó di ọdún kejì tí mo fẹ́ gbé e lọ sí oko, gbòǹgbò ti kún ikùn àmù, ọrùn rẹ̀ kò sì gbà á kọjá. Mo fọ́ àmù. Bí mo ti ń fọ́ ọ ni àwọn èéhù tuntun ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí tí mo rí gbé dé oko kò pẹ́ tí ó fi kú.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹnu rẹ̀ bá kéré ju ikùn rẹ̀ lọ kò yẹ fún ọparun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: ìbáà ṣe orù, ìbáà ṣe àmù, ìbáà ṣe ládugbó. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu dára jù wọ́n lọ fíìfíì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gbòǹgbò ọparun kì í wọ ilẹ̀ lọ jìnnà bí ti ìrókò. Ẹ̀gbẹ́ ni ìdí rẹ̀ ń tàn sí, ibẹ̀ ni èéhù sì ti ń yọ. Fífẹ̀ ni kí ẹ wá, kì í ṣe jíjìn.

Fún ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ tọ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ọ̀rá dúdú ni mo fara mọ́ jù. Ó fúyẹ́ láti kó, a sì lè fi abẹ là á láìfọwọ́ kan gbòǹgbò. Ọ̀rá tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 6, tí ó sì ga tó íǹṣì 10, tó fún ègé ẹ̀ka, pàápàá ẹ̀ka tí ìdí rẹ̀ wú. Ègé igi ọparun gan-an nípọn ju èyí lọ. Ẹ má fi ipá tì í sínú ọ̀rá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ebè, tàbí kí ẹ gbìn ín sínú agbọ̀n tí ó fẹ̀. Kí ọ̀rá tó dé, agbọ̀n ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó fi ń tọ́ irúgbìn, ó sì dára títí di òní, nítorí pé a lè gbìn ín tagbọ̀n-tagbọ̀n kí ó jẹrà nínú ilẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ikán fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í lò ju ìgbà òjò kan lọ.

Agolo àti garawa wúlò, bí ẹ bá lè la ẹ̀gbẹ́ wọn nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbìn. Ẹ kó wọn sí abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, nítorí irin máa ń gbóná nínú oòrùn tí gbòǹgbò tí ó fara kàn án fi ń jó. Èyí tí a fi gbé oògùn apakoríko rí, ẹ má lò ó rárá.

Ìkòkò amọ̀ kì í gbóná bẹ́ẹ̀. Omi a máa jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí náà ni ó ń mú kí omi àmù tutù. Ṣùgbọ́n ní àkókò ọyẹ́, ohun kan náà yìí ni yóò gbẹ erùpẹ̀ inú rẹ̀ kíákíá, ẹ ó sì ní láti bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ohun yòówù tí ẹ bá yàn, ihò gbọ́dọ̀ wà ní ìdí rẹ̀, kí ó sì ju ẹyọ kan lọ. Ọparun fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dá rogún sí òun lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n rò pé èyí yóò mú omi kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú erùpẹ̀ tí ó wà lórí òkúta náà ni omi yóò dúró sí, àyè gbòǹgbò yóò sì dín kù. Ilẹ̀dú, iyanrìn odò díẹ̀, àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò kún un.

Àwọn kan ń fẹ́ ọparun sí iwájú ilé, pàápàá èyí tí ó pọ́n bí ìyeyè tí ó sì ní ìlà ewé lára. Àgbá tí a gé sí méjì ni ó yẹ irú wọn. Ìkòkò tóóró ni afẹ́fẹ́ yóò bì ṣubú. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ yọ ọ́, ẹ pín ìdí rẹ̀, kí ẹ sì yí erùpẹ̀ rẹ̀ padà. (Èyí tí wọ́n ń tà nínú ife omi ní ìlú, tí wọ́n ń pè ní ọparun, kì í ṣe ọparun rárá. Ìbátan pèrègún ni.)

Ewé máa ń yọ lára ègé ṣáájú gbòǹgbò. Ẹ má ṣe tìtorí ewé méjì mẹ́ta fà á tu. Ẹ jẹ́ kí ó lo oṣù méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì máa ṣí ọ̀rá nípò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò má baà gba ìdí rẹ̀ wọ ilẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, yóò ti tó gbìn kí òjò tó lọ. Ẹ bomi rin ín ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ la ọ̀rá náà kúrò pátápátá, kí ẹ sì gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20 síra wọn.